Ẹ Wá Yorùbá Tó Wà Lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Yín Kí Ọjọ́ Ìdánwò Tó Pé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nọ́ọ̀sì kan láti Ìsánlú jókòó níwájú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Kàbà. Mo gbé fóònù sórí tábìlì kó máa gba ohùn sílẹ̀, mo ní kó fi ìṣẹ́jú méjì sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó fẹ́ràn. Ìyá rẹ̀ ló mú. Ọ̀rọ̀ náà dùn: bí ìyá ṣe máa ń jí ní aago márùn-ún, bó ṣe máa ń gún iyán fún àlejò, bó ṣe ń ta kaṣú láti fi san owó ilé-ìwé wọn. Nígbà tó parí, mo ní ká jọ gbọ́ ohun tó sọ. “My mother wake up by five. He is a very strong woman. He use to pound yam for visitors.” Ó gbọ́ “he” àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ìkejì, ó dákẹ́. Nígbà tó fi máa di ìgbà keje, omi ti lé sí i lójú. Ó ní, “Mà, mo mọ̀ pé obìnrin ni ìyá mi. Kí ló dé tí ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n?”

Mo sọ fún un pé Yorùbá ni ẹnu rẹ̀ ń sọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi bò ó lórí. “Ó” kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́, fún òkè. Ẹni tó ti ń sọ “ó” láti kékeré, ọkàn rẹ̀ kò ní ìdí láti dúró béèrè bóyá akọ ni tàbí abo kó tó la ẹnu. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí kò ju èyí lọ: kí ẹ tó tún Gẹ̀ẹ́sì yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ihò tí eku ń gbà wọlé ló máa rí i dí.

Ọmọ Ìyàrà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gírámà, nísinsìnyí nínú ilé mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wá láti Ẹgbẹ̀ àti Mọ̀pà, àwọn tó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Kánádà ń wá láti Lọ́kọ́jà, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB sì ń wá láti àdúgbò mi níhìn-ín. Ní ilé-ìwé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì máa san owó ìtanràn tàbí kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Èmi náà gba owó yẹn lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń dùn mí títí dòní. A rò pé a ń lé Yorùbá jáde ni. Kò jáde. Ó sá lọ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà, níbi tí olùkọ́ kankan kò ti lè rí i tọ́ka sí. Àwọn kan nínú wọn ti dàgbà, wọ́n ti di nọ́ọ̀sì, wọ́n ń padà wá bá mi pẹ̀lú àṣìṣe kan náà tí wọ́n ń ṣe ní JSS2.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan. Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tọ́ka àṣìṣe yín sí yín, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín bá gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde lẹ́nu yín sápá ọ̀tún. Sápá òsì, ẹ kọ Yorùbá tó wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ẹ má parọ́ fún ìwé yìí. Bó bá jẹ́ “Mo ti rí i lánàá” ló wà lọ́kàn yín, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ óò rí i pé àṣìṣe tí ẹ rò pé ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún kò ju mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ; òun náà ló kàn ń pààrọ̀ aṣọ.

Fún ẹni tó ń lọ fún IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé lókè òkun, tí máàkì rẹ̀ ń lọ títí dé 9, ó yẹ kó mọ ibi tí gírámà ti ń ká a mọ́. Ìdá mẹ́rin ni wọ́n pín máàkì Writing àti Speaking sí, gírámà nìkan ló sì kó ìdá kan. Writing jẹ́ wákàtí kan: ọ̀rọ̀ 150 ó kéré tán fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, 250 fún ìkejì, ìkejì sì wúwo ju àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Speaking kò ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè 7 nínú Reading, Listening àti Speaking, àti 6.5 nínú Writing. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó sí ìdánwò yìí ní Àbújá, 6 ni mo mú nínú Writing, èmi olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sunkún lọ́nà títí a fi dé Lọ́kọ́jà. Nígbà tí mo dé ilé, mo tún àròkọ náà kọ láti orí mi, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ “ó”. Ẹ lọ jókòó síbi tí èrò ti ń kọjá ní ọjọ́ ọjà. Bí ẹnì kan bá ti kọjá, ẹ sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: “She is carrying pepper. He is pushing his motorcycle. Her basket is full. His slippers are torn.” Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkàn yín ni ẹ fẹ́ kó máa béèrè akọ tàbí abo kí ẹnu tó ṣí, ìwé kíkà nìkan kò lè ṣe é. “Rẹ̀” náà wà nínú ọ̀ràn yìí: ẹni tó ni nǹkan ni “his” àti “her” ń tẹ̀lé, kì í ṣe nǹkan tí ó ni. Ìyàwó tí bàbá fẹ́ jẹ́ “his wife”, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin ni ìyàwó. Nínú apá kejì Speaking, wọ́n á fún yín ní ìwé, pẹ́ńsù àti ìṣẹ́jú kan láti múra sílẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kọ SHE gàdàgbà sórí ìwé náà kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Bí “he” bá sì bọ́ lẹ́nu yín, ẹ tún un sọ lójú ẹsẹ̀, “sorry, she”, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò fún yín máa gbọ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tommy Titcombe, míṣánnárì tó ti Kánádà wá sí Ẹgbẹ̀ ní 1908, òun náà ní láti kọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bí, tó wá ń wá ìyàtọ̀ láàárín igbá, ìgbà àti igba, ẹrù tirẹ̀ náà wúwo.

Ọ̀ràn kejì ni ti “s” àti “ed” tó máa ń pòórá. “She work in Lokoja.” “Yesterday I ask the doctor.” Àwọn olùkọ́ mìíràn á ní ọmọ náà kò mọ òfin. Nígbà míì ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tí a yá: bus di bọ́ọ̀sì, bread di búrẹ́dì, class di kíláàsì, table di tábìlì. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Fáwẹ̀lì ló máa ń gbẹ̀yìn, tàbí ohùn imú. Nígbà tí ẹnu wa bá wá pàdé “asks” tàbí “worked”, tí kọ́ńsónáǹtì méjì mẹ́ta dúró lẹ́yìn ara wọn, ó á gbé àkọ́kọ́, á sì gbé ìyókù mì.

Ẹ dán ara yín wò báyìí. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa iṣẹ́ tí àǹtí yín ń ṣe lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ẹ kà á sínú fóònù. Bí “s” bá wà nínú ìwé ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ohùn, ẹnu lẹ óò tọ́jú. Bí kò bá sí nínú ìwé pàápàá, òfin lẹ óò kọ́. Oògùn méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹni tó bá ń lo ti ẹnu fún ti òfin á kàn ṣe wàhálà lásán.

Oògùn ẹnu nìyí, ó sì bá ẹnu Yorùbá mu: ẹ gbé “s” náà fún ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e. “She works in a hospital” máa ṣòro bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí “works”. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bí ẹni pé “sin” ni ọ̀rọ̀ tó kàn, “work-sin-a”, “s” ti rí fáwẹ̀lì tó máa gùn. “Asked a question” di “ask-ta-question”. “Lives at home” di “live-zat-home”. Ẹ fi ohùn sọ ọ́ nígbà ogún. Nọ́ọ̀sì Ìsánlú yẹn sọ ọ́ títí ọmọ mi tó wà ní yàrá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ ọ́.

Òfin fúnra rẹ̀ kò gùn: he, she, it, àti orúkọ ẹnì kan tàbí ohun kan, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ń gba “s” bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ti ojoojúmọ́. Bí “does” bá ti gbé “s” náà, ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní gbé e mọ́: “Does she work?” ni, kì í ṣe “Does she works?” Bákan náà ni “did” ti ru ẹrù àná tán: “Did you go?” ni, kì í ṣe “Did you went?”

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà. Lọ ni lọ lánàá, lọ ni lọ lónìí, lọ ni lọ lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ àsìkò: ń, ti, máa, máa ń. Ohun tí ó ń kó wa sí wàhálà ni pé a rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹnìkejì kan pàtó nínú Gẹ̀ẹ́sì. A mú “ti” fún “have”, a mú “ń” fún “-ing”, a mú “máa ń” fún “use to”. Wọn kò bára mu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo “ti”. “Mo ti rí i lánàá” dára ní Yorùbá. “I have seen him yesterday” kò dára ní Gẹ̀ẹ́sì rárá. Bí gbólóhùn bá ti sọ ìgbà tó ti kọjá lọ pátápátá, lánàá, lọ́dún tó kọjá, ní 2019, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé, ẹ gbàgbé “have”: “I saw him yesterday.” Bí ẹ kò bá dárúkọ ìgbà, tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sì kan ìsinsìnyí, ẹ lo “have”: “I have seen him, so there is no need to call.” Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni pé kí wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Bí ìka bá rí ibi tọ́ka sí, “have” kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo “ń”. “Mò ń gbé ní Kàbà.” A máa ń sọ ọ́ fún ibi tí a ti gbé ogún ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ní “I live in Kabba”. “I am living in Kabba” túmọ̀ sí pé ẹ kàn wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni. “Orí ń fọ́ mi” kì í ṣe “My head is paining me”. “I have a headache” ni, tàbí “My head hurts”. Ẹ̀yin tó ń lọ fún OET, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, níbi tí wọ́n á ti ní kí ẹ ṣe bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ní wọ́ọ̀dù níhìn-ín, “Where is paining you?” la máa ń béèrè, gbogbo ènìyàn á sì lóye. Níbẹ̀, “Where does it hurt?” ni.

“Ti ń” ló le jù. “Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti ọdún mẹ́ta.” Mo ti gbọ́ ọ báyìí lẹ́nu àwọn tó gba oyè ní yunifásítì: “I am working here since three years.” Èyí tó tọ́ ni “I have been working here for three years.” “Láti” Yorùbá ń ṣiṣẹ́ méjì tí Gẹ̀ẹ́sì pín: “for” fún bó ṣe gùn tó, “since” fún ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. For three years, for six months. Since 2021, since I left Egbe. Gbólóhùn yìí máa wúlò fún yín, torí ìbéèrè nípa iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ yín wọ́pọ̀ nínú apá àkọ́kọ́ Speaking. Ẹ múra rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún tiyín gan-an.

“Máa ń” ni tirẹ̀: “He use to pound yam.” Ìyá ń gún iyán títí dòní, nítorí náà “She usually pounds yam for visitors” ni. “Used to”, pẹ̀lú “d”, jẹ́ ti ohun tí a ti fi sílẹ̀: “She used to sell cashew” túmọ̀ sí pé kò tà á mọ́.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí “wọ́n”. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tó máa pe bàbá rẹ̀ ní “ó”. “Wọ́n” là ń pè wọ́n. Torí náà ọmọ á ní “My father, they are a farmer.” Ọ̀wọ̀ ló fẹ́ bù. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀nà yẹn, “he” kò sì rí bàbá yín fín. “My father is a farmer.” Ẹ yọ “they” kúrò, ẹ yọ “he” tó máa ń jókòó lẹ́yìn orúkọ náà kúrò, irú “My father, he is…”, nítorí “Bàbá mi, ó…” ló bí ìyẹn.

“Wọ́n” tún wà fún ẹni tí a kò mọ̀, tàbí tí kò ṣe pàtàkì. “Wọ́n bí mi sí Ìyàrà.” “Wọ́n jí fóònù mi.” Gẹ̀ẹ́sì á gbé ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí síwájú: “I was born in Iyara. My phone was stolen.” Àwọn tó ń ṣe IELTS Academic lè bá àwòrán kan pàdé nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ Writing, tó ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbólóhùn “wọ́n” ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ohun tí mo fi ń kọ́ ọ ni gààrí, nítorí gbogbo wa la ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá lákọ̀ọ́kọ́: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro, wọ́n á kù ú, wọ́n á yan án. Ẹ wá pa gbogbo “wọ́n” náà rẹ́, kí ẹ̀gẹ́ di olùwà: “The cassava is peeled, washed and grated. It is then packed into sacks and pressed so that the water drains out. After that, it is sieved and fried.” Ẹni tó bá ṣe èyí fún gààrí, fún epo pupa àti fún ẹ̀kọ, àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì kò ní dẹ́rù bà á.

Ti “a” àti “the”, mo mọ̀ pé ó ń fayé sú ènìyàn. Yorùbá ní “kan” àti “náà”, ṣùgbọ́n a lè yọ wọ́n kúrò kí ọ̀rọ̀ má bàjẹ́: “Mo ra ewúrẹ́.” Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ewúrẹ́ kan ṣoṣo kò lè dá rìn. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ bi ara yín pé: ṣé ẹni tó ń gbọ́ mi mọ èyí tí mò ń sọ gan-an? Bó bá mọ̀ ọ́n, “the”. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ ẹyọ kan tó ṣeé kà, “a”. Bó bá jẹ́ gbogbo irú rẹ̀ láyé, ẹ fi “s” sí i láìsí ohunkóhun níwájú. “I bought a goat. The goat was sick. Goats are expensive this year.” Fún nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ṣe pàtàkì: lẹ́nu àwọn ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, “She is in hospital” jẹ́ ti aláìsàn tó sùn síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní “I work in a hospital”.

“Àwọn” lè dúró níwájú ohunkóhun ní Yorùbá: àwọn ìmọ̀ràn, àwọn ẹrù, àwọn irinṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ “advices, luggages, equipments”. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sára ògiri yàrá yín, wọn kì í gba “s”: information, advice, equipment, furniture, luggage, homework, evidence, research.

“Ní” kan la ní, Gẹ̀ẹ́sì ní mẹ́ta: ní Kàbà, “in Kabba”, ní aago méjì, “at two o'clock”, ní ọjọ́ Ajé, “on Monday”. “By five” tí nọ́ọ̀sì wa sọ túmọ̀ sí pé aago márùn-ún kò ní kọjá kó tó ṣẹlẹ̀. “At five” ló ní lọ́kàn. A ń sọ̀rọ̀ “nípa” nǹkan, ṣùgbọ́n “discuss” kò fẹ́ “about”: “We discussed the problem.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ mẹ́nu bà. “Gbọ́”: à ń gbọ́ ohùn, à ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì ń lo “hear” fún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “I can smell it. I understand Hausa.” “Yá”: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ń jáde lọ́wọ́ yín, “lend”. Bó bá ń wọlé, “borrow”. “Please borrow me your pen” kò sí níbẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n”: ẹ kọ “older brother” tàbí “older sister”, kì í ṣe “senior brother”.

Mo ti ní màá padà sórí 6 tí mo mú. Nígbà tí mo tún àròkọ náà kọ, gbólóhùn tí mo fi ìgbéraga kọ jù lọ ló kọ́kọ́ fò mọ́ mi lójú: “Although many young people leave the village, but they still send money home.” Ìgbà mẹ́ta ni irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Yorùbá ni: “Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kúrò nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi owó ránṣẹ́.” Okùn méjì la fi so ó, ó sì dára létí wa. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ ẹyọ kan: “although” tàbí “but”, ẹ mú ọ̀kan. Bákan náà ni “Because there are no jobs, that is why they leave”. Ẹ yọ “that is why”. Láti ọjọ́ náà, ìsopọ̀ gbólóhùn ni mo ń kọ́kọ́ wò nínú àròkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ń wá 7 gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn gígùn, ibi oríkèé sì ni gbólóhùn gígùn ti ń ṣẹ́.

Oríkèé méjì mìíràn. “Ó bi mí pé kí ni orúkọ mi” di “He asked me that what is my name”. Ẹ yọ “that”, kí ẹ sì dá “is” padà sẹ́yìn: “He asked me what my name was.” Èkejì ni “tí… rẹ̀”: “ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn” di “the man that his child is sick”. “Whose” ni ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: “the man whose child is sick”.

Àwọn tó ń lọ fún Speaking, ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè tó ní “not” nínú. “Ṣé ẹ ò tíì dé Lọ́ńdọ̀nù rí?” “Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì dé ibẹ̀.” Ohun tí ẹni náà sọ la fara mọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò wo ohun tó sọ, òtítọ́ ló ń wò: “Haven't you been to London?” “No, I haven't.” “Yes, I have not” á jẹ́ kó dúró wò yín.

Ẹ̀yin ọmọ JAMB, ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, 40 ni ti àwọn iṣẹ́ yòókù. Ohun tí mo kọ sókè yìí nípa “s”, “did” àti “since” wúlò fún yín gan-an, ẹ má fi sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì.

Bí oṣù méjì bá kù, èyí ni kí ẹ ṣe. Lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé alápá méjì. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àròkọ méjì, pẹ̀lú aago lójú: ogún ìṣẹ́jú fún ti àkọ́kọ́, ogójì fún ìkejì. Ẹ má há àròkọ tí ẹlòmíràn kọ sórí. Àwọn tó ń máàkì mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ wo àṣìṣe wo ló pọ̀ jù, òun nìkan ni kí ẹ dojú kọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń lé mẹ́sàn-án pọ̀ kò ní mú ọ̀kan.

Nínú ogójì ìṣẹ́jú yẹn, ẹ fi márùn-ún pamọ́ sí ìparí. Ẹ má kà á bí ìtàn. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan: ṣé “s” wà níbi tó yẹ, ṣé àsìkò bá ara mu? Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì fún ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan: “a”, “the”, “s”. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta fún oríkèé nìkan: although, because, that. Ojú tó ń wá nǹkan kan ṣoṣo ló ń rí i.

Ẹni tó bá ń ti Kàbà lọ sí Àbújá, kó má ṣe jí lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Kó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, kó sùn. Kó sì mú pásípọ́ọ̀tù tó fi forúkọ sílẹ̀ gan-an dání, nítorí òun ni wọ́n máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà.